Òṣùwọ̀n Ẹ̀tù Kò Mọ Ìwúwo: Bí Ẹ Ṣe Lè Tò Ó Kó Má Yẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí, lórí bí a ṣe ń to òṣùwọ̀n ẹ̀tù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bu ẹ̀tù sínú kòròfo ọta, wà fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń yìnbọn fún ìdárayá tàbí tí wọ́n ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún kòròfo ọta wọn kì nílé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ òfin kúrò lọ́nà. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń kì ọta fún ìlò ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò ló gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ aṣe-ọta, èyí tí wọ́n ń pè ní Type 06. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà ìbẹ̀wò, ẹ dúró ná. Lójú òfin àpapọ̀, ẹ̀tù lásán, kòròfo lásán, práímà lásán (ohun kékeré ìdí kòròfo tó ń tan iná sí ẹ̀tù), orí ọta lásán, ọta ni gbogbo wọn, òfin kan náà kò sì fàyè gba ẹni tó wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ láti ní wọn lọ́wọ́, àfi àwọn tí ó yọ sọ́tọ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí kò tíì kú. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà tún ní tirẹ̀. Ní ti Nàìjíríà, òfin ìbọn ibẹ̀ kò gbà kí ènìyàn jókòó sílé kó máa ṣe ọta, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ óò dì mọ́ ẹrù nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé ní Kérésì.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Ẹ wo òṣùwọ̀n ẹ̀tù dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ike gígùn kan wà lókè tí à ń da ẹ̀tù sí. Lábẹ́ ike yìí ni irin róbótó kan wà tó ń yí, ẹ jẹ́ ká pè é ní sílíńdà. Ihò kan wà lára sílíńdà náà, síkúrúù sì wà nínú ihò tí à ń yí láti sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ẹ bá gbé apá ẹ̀rọ sókè, ihò á kọjú sókè, ẹ̀tù á sì wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rẹ apá náà sílẹ̀, ihò á dojú kọlẹ̀, ẹ̀tù á gba túùbù já sínú kòròfo. RCBS Uniflow, Redding 3BR, Lyman 55, ti Hornady, ti Lee: ìrísí wọn yàtọ̀, ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí ibì kankan tí ẹ̀rọ yìí ti wọn ìwúwo? Àyè ló ń wọ̀n. Ìwé ìkọta, èyí tó ń sọ iye ẹ̀tù tí ọta kọ̀ọ̀kan ń gbà, ní tirẹ̀ ń sọ ìwúwo, gíréènì ló sì fi ń sọ ọ́. Gíréènì 7,000 ló wà nínú pọ́ùn kan, ìyẹn ni pé gíréènì kan kò pé gíráàmù 0.065. Ìyá alágàárì tó bá gbọn kóńgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ gbá orí rẹ̀ ń ta gàárì tó wúwo ju ti ẹni tó kàn bù ú fẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ kóńgò kan náà ni wọ́n lò. Bí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ẹ̀tù ṣe rí nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ tó wà níwájú wa kò ju pé kí ẹ̀tù jókòó bákan náà nínú ihò yẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa apá ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ti àwọn tó máa ń sọ pé, "Ní tèmi, 58 ni mo máa ń gbé e sí." Nọ́ńbà ara síkúrúù kì í ṣe gíréènì. Ibi tí síkúrúù dúró sí lásán ni. Síkéèlì nìkan ló lè sọ iye tó bọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ìwé, àti ẹ̀tù kan ṣoṣo lórí tábìlì

Ẹ ṣí ìwé ìkọta tó ṣeé gbára lé, bí ti Hodgdon, Lyman, Hornady tàbí Sierra. Ẹ wá ọta yín, orí ọta yín, àti orúkọ ẹ̀tù yín gan-an. Iye ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fò lọ sí iye tó ga jù. Níbi tí ìwé kò bá ti kọ iye ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú èyí tó ga jù. Mi ò ní kọ iye ẹ̀tù fún ọta kankan síbí. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ óò rí nísàlẹ̀, àpẹẹrẹ ìṣirò ni wọ́n, ẹnikẹ́ni má fi wọ́n kì ọta.

Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Ẹ kó ìyókù padà sí ibi ìpamọ́ wọn. H4350 àti IMR 4350 kì í ṣe ohun kan náà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra tó. Ìwé á fi iye tí kò bára mu hàn yín fún wọn. Ẹ ya bébà kékeré kan, ẹ kọ orúkọ ẹ̀tù àti nọ́ńbà lot rẹ̀ (nọ́ńbà àkójọ tí ilé iṣẹ́ ṣe é mọ́) sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike òkè. Bí ẹnì kan bá pè yín lọ sílé ìdáná láàárín iṣẹ́, bébà yẹn ló máa rán yín létí ohun tó wà nínú ike nígbà tí ẹ bá padà dé.

Ọ̀rọ̀ kan tó kan àwa gan-an: ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ ilé wa ń kì sínú ṣakabùlà kò gbọdọ̀ dé inú irú òṣùwọ̀n yìí láé. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín là ń sọ. Iná kékeré tó ń ta pàrà lára ike lè ran ẹ̀tù dúdú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lò ó fi ní òṣùwọ̀n tiwọn, èyí tí wọ́n fi irin tí kì í ta iná ṣe. Àṣà wọn nípa gíréènì náà yàtọ̀: "gíréènì" tí wọ́n kọ sára ife òṣùwọ̀n ìbọn àtẹnukì, àyè ni, kì í ṣe ìwúwo. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà ti ibẹ̀ wá síbí, orí ara rẹ̀ ló ń wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: síkéèlì ni adájọ́

Bí síkéèlì bá purọ́, gbogbo iṣẹ́ tó kù bàjẹ́. Ẹ gbé e sórí ibi tó tẹ́jú, tí kò sì ní máa mì. Bó bá ṣeé ṣe, kí ó má wà lórí tábìlì tí ẹ so ẹ̀rọ ìkọta, èyí tó ń tẹ orí ọta wọ kòròfo, mọ́. Ẹ pa fáànù. Ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí pẹ̀lú: atẹ́gùn tí ẹ ò mọ̀ lára rárá lè gbé nọ́ńbà síkéèlì lọ sókè, kó tún gbé e padà sísàlẹ̀.

Bó bá jẹ́ síkéèlì onílẹ́tíríìkì ni, ẹ tàn án kí ẹ fi í sílẹ̀ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ móoru kí ẹ tó tò ó. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó, ẹ wá ìwúwo àyẹ̀wò tó sún mọ́ iye ẹ̀tù tí ẹ fẹ́ lò. Ìwúwo gíráàmù 50 tó bá síkéèlì wá dára fún títò, ṣùgbọ́n ó ju gíréènì 770 lọ, kò sì lè jẹ́rìí sí ohun tí síkéèlì ń ṣe ní gíréènì 24. Ẹ ra ìwúwo kéékèèké.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an nítorí pé kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé abọ́ kékeré sórí síkéèlì, ẹ sọ ọ́ di òdo. Nígbà tí ẹ bá gbé abọ́ náà kúrò, síkéèlì á fi ìwúwo abọ́ hàn pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú, ká ní −151.3. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé abọ́ láti da ẹ̀tù rẹ̀ nù, ẹ yọjú wo nọ́ńbà yìí. Bó bá ti di −151.5, síkéèlì ti ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ tún un tò. Òṣùwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi nírú ìgbà yìí, wọ́n á máa yí síkúrúù kiri nígbà tó jẹ́ pé síkéèlì ló ń ṣe wọ́n.

Ẹni tó ń lo síkéèlì tó ní ọ̀pá tó ń lọ sókè sódò (beam scale) kò ní wàhálà iná. Kó sáà ti rí i pé ẹnu ọ̀bẹ tí ọ̀pá náà jókòó lé mọ́ tónítóní, kò sì gbọdọ̀ fi òróró kan ibẹ̀. Kó máa wo àmì rẹ̀ láti iwájú gan-an, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fífọ̀ àti dídè

Òṣùwọ̀n tuntun máa ń wá pẹ̀lú òróró tí ilé iṣẹ́ fi pa á kó má dípàtà. Ẹ nù ún kúrò pátápátá. Òróró máa ń jẹ́ kí ẹ̀tù dì mọ́ra, ó sì lè ba ẹ̀tù jẹ́. Ike òkè àti túùbù ni kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀, kí ẹ sá wọn gbẹ fúnra wọn. Tí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n kíkankíkan, ẹ ń bí static sí wọn lára ni, ìyẹn iná kékeré tó ń jẹ́ kí hóró ẹ̀tù lẹ̀ mọ́ ike bí ìgbà tí irun bá lẹ̀ mọ́ kóòmù. Bó bá ṣì ń lẹ̀, bébà tí ẹ máa ń jù sínú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ (dryer sheet) ni kí ẹ fi nu inú ike náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da ẹ̀tù kún un, kí ẹ dà á jáde dà á wọlé gba inú ẹ̀rọ náà fún ìgbà bíi mélòó kan. Wọ́n máa ń fi graphite pa ẹ̀tù lára. Èyí ló máa lẹ̀ mọ́ irin àti ike, tí ẹ̀tù á sì máa yọ̀ lọ geere. Òṣùwọ̀n tuntun tí kò tíì gba èyí máa ń yẹ̀ gan-an ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má torí ẹ̀ dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ dè é mọ́ tábìlì tó wúwo. Tí tábìlì bá ń mì bí ẹ ṣe ń fa apá ẹ̀rọ ìkọta, ẹ̀tù inú ike òkè á máa jókòó sí i díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ á sì máa wúwo sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kan síkúrúù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ike òkè

Ẹ kún un dé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ kí ẹ tó bù kún un. Ẹ̀tù tó wà lókè ló ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ wọ ihò. Bí ó bá ti ń dín kù, títẹ̀ náà ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní baffle, tí ihò wà lára rẹ̀, fi wúlò nínú ike náà: ó ń gba ẹrù tó wà lókè dúró kí títẹ̀ tó dé ìsàlẹ̀ lè jẹ́ bákan náà. Bí tiyín kò bá ní, ẹ rà á. Owó kékeré ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kún un, ẹ da bí ìgbà mẹ́wàá sínú abọ́ kan, kí ẹ dà á padà sókè. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe fún wíwọ̀n. Ẹ̀tù ń jókòó lọ́wọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: títò síkúrúù

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹní bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun inú rẹ̀.

Ká ní gíréènì 24.0 ni ẹ ń wá. Ẹ fún síkúrúù wọlé kí ihò kéré ju èyí tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ da, ẹ wọ̀n, ó di 22.7. Ẹ ṣí síkúrúù díẹ̀. Ẹ da bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin padà sínú ike láìwọ̀n, nítorí èyí tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́yìn ìyípadà kì í sọ òtítọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó wọ̀n. 23.6. Ẹ tún ṣí i, díẹ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Bó bá wá kọjá lọ sí 24.3 ńkọ́? Ẹ má kàn fún un padà sẹ́yìn bíńtín kí ẹ dúró síbẹ̀. Gbogbo síkúrúù ló ní ibi tí eyín rẹ̀ ti ń dẹ̀ díẹ̀: tí ẹ bá fún un lọ, ó lè dúró síbi kan, tí ẹ bá ṣí i wá sí nọ́ńbà yẹn kan náà, á dúró síbòmíràn. Nítorí náà, ẹ fún un wọlé kọjá ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ tún wá máa ṣí i bọ̀. Apá kan náà ni kí ẹ ti máa dé ibi tí ẹ ń lọ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá fẹ́ máa gbà á láti òdìkejì, kò burú, kó sáà má pa méjèèjì pọ̀.

Nígbà tó bá ti sún mọ́ ọn, ẹ mú nọ́ọ̀tì tó ń de síkúrúù mọ́lẹ̀, kí ẹ fún un. Lẹ́yìn náà ẹ tún wọ̀n. Fífún nọ́ọ̀tì yìí lè ti síkúrúù kúrò ní ibi tó wà, ẹ ò sì ní mọ̀ bí ẹ kò bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ fún un. Kí ẹ fi ọwọ́ kan di síkúrúù mú nígbà tí ọwọ́ kejì bá ń fún nọ́ọ̀tì máa ń ṣèrànwọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: mẹ́wàá lápapọ̀

Ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá wọn 24.0 kò tíì fi nǹkan kan hàn. Síkéèlì tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíréènì lè pe 24.04 ní 24.0, kó sì pe 23.96 ní 24.0 bákan náà. Ẹ da ẹ̀tù mẹ́wàá sínú abọ́ kan, kí ẹ wọ̀n wọ́n pa pọ̀. Bó bá jẹ́ 240.0, ẹ ti débẹ̀. Bó bá jẹ́ 240.4, ìdásí kọ̀ọ̀kan ń wọn 24.04 láròpín, àṣírí yẹn ni síkéèlì ì bá fi pamọ́ fún yín bí ẹ bá ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣàtúnṣe, kí ẹ tún da mẹ́wàá míràn.

Ẹ tún da mẹ́wàá, ẹ̀wẹ̀, kí ẹ wọ̀n ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ wo èyí tó wúwo jù àti èyí tó fúyẹ́ jù. 23.9, 24.0, 24.1, 24.0, 24.0, 23.9, 24.0, 24.1, 24.0, 24.0: iṣẹ́ dára, àpapọ̀ rẹ̀ 240.0, ìyàtọ̀ láàárín èyí tó wúwo jù àti èyí tó fúyẹ́ jù kò sì ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá tó bá ní 23.2 àti 24.8 nínú, tí àpapọ̀ rẹ̀ tún jẹ́ 240.0, kò dára rárá. Àròpín ń sọ bóyá síkúrúù wà níbi tó yẹ. Ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù ń sọ bóyá ọwọ́ yín, ẹ̀tù yín àti ẹ̀rọ yín rẹ́. Síkúrúù kò lè wo àìrẹ́ sàn.

Ẹ máa ṣọ́ oríṣi àkọsílẹ̀ kan pàtàkì: 24.0, 24.1, 22.8, 25.2, 24.0. Ẹ ro 22.8 àti 25.2 pọ̀. 48.0 ni, ìlọ́po méjì 24.0 gẹ́lẹ́. Ihò sílíńdà wọn dáadáa nígbà méjèèjì. Ẹ̀tù díẹ̀ ló há sínú túùbù nígbà àkọ́kọ́, tó sì bá èkejì já bọ́. Ẹni tó bá yí síkúrúù nítorí èyí ti ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́. Túùbù ló yẹ kó wò: bóyá ó há jù fún irú ẹ̀tù náà, bóyá static ń dà á láàmú, bóyá ẹnu rẹ̀ kò bá ọrùn kòròfo mu.

Irú ẹ̀tù, irú ìdààmú

Ẹ̀tù róbótó bíi H335 ń ṣàn bí omi, bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá síwá tàbí sẹ́yìn, ẹ wá ibi tí nǹkan ti wọ́. Ẹ̀tù pẹlẹbẹ bíi Unique kì í tò dáadáa nínú ihò, pàápàá ihò kékeré. Ẹ̀tù onígi, tí hóró rẹ̀ gùn bí igi tíntìntín, bíi Varget tàbí IMR 4064 ló ní wàhálà tó ṣeé gbọ́ sétí: bí sílíńdà ṣe ń yí, etí rẹ̀ á gé igi ẹ̀tù kan tó yọrí síta, ẹ óò gbọ́ "kẹ̀ẹ̀", apá ẹ̀rọ á sì dúró gbọ̀n-ún lọ́wọ́ yín. Ẹ má fipá fà á. Ẹ dá a padà sókè díẹ̀, ẹ rọra mú un wá, kí ẹ sì da ohun tó bá jáde padà sínú ike òkè, má jẹ̀ẹ́ kó wọ kòròfo.

Fún ẹ̀tù onígi, bí ẹ bá ń sún mọ́ iye tó ga jù nínú ìwé, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tò ó kó máa dà díẹ̀ dín sí ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá fi ohun èlò tó ń kán ẹ̀tù sílẹ̀ ní hóróhóró (powder trickler) parí ìyókù lórí síkéèlì. Ó ń fa iṣẹ́ gùn, ṣùgbọ́n iye tó ga jù kò fàyè gba àṣìṣe.

Ọta ìbọn ìléwọ́ tún burú jù ní ọ̀nà kan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gíréènì tó bá yẹ̀ lára gíréènì 40 kò ju 0.25% lọ. Lára gíréènì 4, ó ti di 2.5%. Bí ẹ̀rọ yín bá ní sílíńdà kékeré, bí Uniflow ṣe ní ńlá àti kékeré, èyí kékeré ni kí ẹ lò níbẹ̀: ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì jìn máa ń rẹ́ ju ihò gbàgàdà tí kò jìn lọ.

Ọwọ́ yín wà lára ẹ̀rọ

Àwọn tó ń fi ọta tí wọ́n ń pè ní 6 PPC díje nínú ìyìnbọn orí tábìlì, tí wọ́n ń fi ọta márùn-ún já ihò kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ wọn ti ń da Vihtavuori N133 láti inú òṣùwọ̀n tààrà láti ọjọ́ pípẹ́, láìwọn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tù onígi mà ni N133 o! Òṣùwọ̀n tó dára ni wọ́n ń lò lóòótọ́, bíi ti Harrell's, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni àṣírí náà.

Ẹ gbé apá ẹ̀rọ sókè bákan náà ní gbogbo ìgbà, kó kan òkè. Ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ̀tù kún ihò. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìgbọ̀n, kó kan ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá máa kàn án gbọ̀ngbọ̀n lẹ́ẹ̀kan lókè àti lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọta. Bí ẹ ò bá ní kàn án, ẹ má kàn án rárá. Tí ẹ bá ṣe é jẹ́jẹ́ nígbà títò, tí ẹ wá ń yára nígbà tí iṣẹ́ bá wọra, ẹ̀tù á yí padà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kó jẹ́ ìyára tí ẹ fẹ́ fi kì ọgọ́rùn-ún ọta ni ẹ óò fi da mẹ́wàá ti àyẹ̀wò.

Lórí ẹ̀rọ ìkọta tó ń ṣe ohun mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má dá apá rẹ̀ dúró láàárín. Bí nǹkan bá há, ẹ yọ gbogbo kòròfo tó wà lórí rẹ̀, ẹ wọn ohun tó wà nínú wọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ibi tí ẹ̀tù ìlọ́po méjì ti máa ń wọ kòròfo kan nìyẹn, tí èkejì á sì ṣófo.

Ní àárín iṣẹ́

Ẹ wọn ìkẹwàá, ẹ wọn èyí tó pé ogún, lẹ́yìn náà ẹ máa wọn ọ̀kan nínú ogún-ogún títí ẹ óò fi parí. Ẹ tún wọn nígbàkígbà tí ẹ bá bu ẹ̀tù kún ike òkè, tí ẹ bá dìde kúrò nídìí iṣẹ́, tí ẹ bá gbọ́ ohùn tí ẹ ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ má tíì yí síkúrúù. Ẹ wọn méjì mẹ́ta sí i. Bí ìyókù bá padà sí 24.0, ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti rìn lọ sápá kan, ẹ kọ́kọ́ wo síkéèlì, lẹ́yìn náà ike òkè, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì, kí ẹ tó kan síkúrúù. Gbogbo ọta tí ẹ ti kì láti ìgbà tí ẹ wọ̀n gbẹ̀yìn ni kí ẹ yà sọ́tọ̀.

Àti pé kí ẹ fi ojú yín wò. Ẹ to kòròfo tí ẹ ti da ẹ̀tù sí sínú páálí oníhò, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi orí ọta lé ọ̀kankan. Ẹ̀tù inú gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ga bákan náà. Kò sí òṣùwọ̀n tó dára débi tí èyí á fi di àfiṣeré, pàápàá pẹ̀lú ẹ̀tù bíi Titegroup tí iye díẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, tí ìlọ́po méjì rẹ̀ á sì wọ inú kòròfo láìkún.

Nígbà tí ẹ bá parí

Ẹ má fi ẹ̀tù sílẹ̀ nínú ike òkè di ọjọ́ kejì. Àwọn ẹ̀tù kan máa ń jẹ ike náà, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin sì ń bà wọ́n jẹ́. Ẹ dà á padà sínú agolo tí ẹ ti bù ú, ẹ fa apá ẹ̀rọ títí ohunkóhun ò fi ní bọ́ mọ́, kí ẹ sì yọjú wo inú ihò àti túùbù. Ẹ̀tù tí ẹ ò bá dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ dájú kì í padà sínú agolo kankan, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún dídànù. Nínú ilé, ìlànà iná ní Amẹ́ríkà sábà máa ń fi pọ́ùn 20 ṣe òpin ohun tí ẹ lè tọ́jú nínú agolo tó bá a wá, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn panápaná ìlú yín, torí ìlú míràn le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan: ọjọ́, orúkọ ẹ̀tù, nọ́ńbà lot, sílíńdà tí ẹ lò, nọ́ńbà ara síkúrúù, àpapọ̀ mẹ́wàá, èyí tó wúwo jù, èyí tó fúyẹ́ jù, àti bóyá ẹ ń kan apá ẹ̀rọ tàbí ẹ kì í kàn án. Ní ọjọ́ míràn, nọ́ńbà síkúrúù yẹn máa gbé yín dé ìtòsí láìpẹ́. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣí i bọ̀ láti apá tí ẹ ti mọ̀, kí ẹ sì da mẹ́wàá. Bí ẹ bá ṣí agolo tuntun, kódà kó jẹ́ orúkọ kan náà, lot tuntun lè jókòó lọ́tọ̀ nínú ihò, ó sì lè gbóná ju ti àtijọ́. Ẹ padà sí iye ìbẹ̀rẹ̀ inú ìwé, kí ẹ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.